Ẹni Tó Ń Bá Mi Ka Òǹkà

Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, nítorí pé ewú kan kò tíì yọ lórí mi. Ṣùgbọ́n ká wò ó dáadáa: bí ènìyàn bá fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà wá parí kí òun fúnra rẹ̀ tó dàgbà, kí ni a ó pe ẹni bẹ́ẹ̀? N kò rí orúkọ mìíràn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìlá Ọ̀ràngún níbí a máa bi mí bóyá kí àwọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, n kò sì fẹ́ fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, màá sọ pé mo gbọ́ ọ ni.

Iṣẹ́ mi nìyí. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní irú irinṣẹ́ kan tí kò ní àwòrán, tí kò ní ohun tí a ń fọwọ́ tẹ̀. Ojú dúdú kan ni. O kọ àṣẹ síbẹ̀, ó dá ọ lóhùn. Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti dára, ìránṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá ènìyàn lọ gbé irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá: o dárúkọ rẹ̀, ó gbé e dé, ó tò ó síbi tó yẹ. Ní àwọn ilé ìwé tí mo ṣiṣẹ́ fún, ní Ìgbájọ láàárín òkè, ní Ire, ní Ìresì, ìránṣẹ́ yẹn kò wúlò, nítorí kò rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ gbé irinṣẹ́ náà lọ, kó sì tò ó. Èmi ni mo ń gbé e lọ.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo parí ilé ìwé girama, mò ń retí yunifásítì, ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Adéoyè, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní yàrá kọ̀ǹpútà kan tí ìjọ yá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Owó tó ń fún àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ. Mo padà gba oyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo sì dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn ni ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́.

Mo bá ọmọ iṣẹ́ kan níbẹ̀. Múfútàù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìresì, bàbá rẹ̀ ní oko kòkó àti obì. Oṣù díẹ̀ ló fi ṣáájú mi débẹ̀, ó sì fẹ́ fi ìyẹn gba ipò.

"Bọ̀dá Múfú ni kó o máa pè mí."

"Ọjọ́ orí wa ò ju ara wọn lọ."

"Ọjọ́ orí kọ́ là ń sọ. Ta ló kọ́kọ́ gbá yàrá yìí?"

"Kí ẹni tó kọ́kọ́ gbá a máa gbá a lọ nígbà náà."

Ọ̀gá gbọ́ wa láti ìta. Ó ní kí àwa méjèèjì gbá a.

Ọ̀gá le. N kò sọ ọ́ láti fi bà á jẹ́. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò sì rí líle kan tó lò tí kò nídìí. Kò jẹ́ kí a tẹ àṣẹ kankan tí a kò lè ṣàlàyé ní Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí ìlà àṣẹ kan níbì kan, mo kọ ọ́ bó ṣe wà, irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, inú mi dùn.

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Ọ̀gá bi mí.

"Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣiṣẹ́, sà."

"N kò bi ọ́ bóyá ó ṣiṣẹ́. Kí lo ṣe?"

Ọ̀gá na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. "Tún un ṣe. Kí o máa sọ ọ́ fún mi bí ìgbà tí ò ń sọ ọ́ fún ìyá ìyá rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ. Kọ́kọ́ mọ irú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ, nítorí fáìlì tí a ṣe fún èyí tó jẹ́ tuntun kò ní jẹ́ lórí àwọn ògbólógbòó tí wọ́n fi ta ilé ìwé lọ́rẹ. Tú fáìlì náà, nítorí dídì ni wọ́n máa ń dì í. Fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí àlejò dá iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé onílé. Lẹ́yìn náà, gbé e síbi tí kọ̀ǹpútà máa ń wò. Orí ìyẹn ni mo ti há jù. Mo gbé irinṣẹ́ náà síbi tó wù mí, mo pè é, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Múfútàù, ṣàlàyé fún un," ni Ọ̀gá wí.

"Kọ̀ǹpútà kì í wá nǹkan káàkiri, sà. Ó ní àwọn ibi tí a ti ní kó máa wò. Bí ìyàwó ilé bá ń wá ọ̀bẹ, á wo ìdí ààrò, á wo inú agbọ̀n àwo. Kò ní lọ gun àjà."

"Ta ló wá gbé ọ̀bẹ sórí àjà?"

"Mojí ni, sà."

Bí o bá ti gbé e síbi tó yẹ, tàbí tí o ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa wo àjà pẹ̀lú, pa ojú dúdú náà dé, ṣí òmíràn, nítorí èyí tó ti wà ní ṣíṣí kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà, bi irinṣẹ́ náà pé ẹ̀yà wo ni. Bí ó bá dárúkọ ara rẹ̀, o ti délé.

Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe ìkankan nínú gbogbo ìyẹn, a ó kọ́kọ́ ka òǹkà. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ a máa gbé ìlà gígùn kan sí ojú ìwé wọn, nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wọnú ara wọn. Láti inú fáìlì náà ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tìrẹ náà lè ṣírò tirẹ̀ láti inú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí méjèèjì bá bára mu, ohun tí wọ́n ṣe gan-an ló dé ọwọ́ rẹ. Bí ẹnì kan bá ti fi ọwọ́ kan fáìlì náà, bó ti wù kó kéré tó, gbogbo òǹkà ló máa dà rú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òfin méjì ni Ọ̀gá ní lórí èyí. Àkọ́kọ́, òǹkà kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tí fáìlì gbà wá. Bí fáìlì bá wà lórí fláàṣì, kí ẹlòmíràn lọ wo òǹkà lójú ìwé àwọn tó ṣe é, níbòmíràn, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà," ló máa ń wí. "Ẹni tó gbé ẹrù wá kọ́ ló máa jẹ́rìí pé ẹrù pé." Èkejì, ohùn méjì ni kó kà á, sókè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà lè fi méjèèjì wéra kí a tó ṣẹ́jú, Ọ̀gá sì mọ̀. Ó ní ojú tó ń sáré kì í rí nǹkan, pé ẹni tó bá ní láti fẹnu pe nǹkan á wò ó.

Lẹ́tà mẹ́fà péré ló máa ń wà nínú òǹkà. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n lórí fóònù tó ń já, ọ̀kan á máa dún bí èkejì, nítorí náà a fún wọn lórúkọ. Ábúráhámù, Bàbá, Dáfídì, Ewúrẹ́. Èyí tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, a pè é ní Àlejò. Ti ìkẹyìn ló dìjà.

"Fáráò," ni Ọ̀gá wí.

"Sà, Fáráò kì í ṣe èèyàn rere. Irinṣẹ́ tí à ń gbé lọ fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ní ká máa pe Fáráò lé e lórí?" ni Múfú wí.

"Kí wá ni ká máa pè?"

"Fátímà, sà."

"Ìyẹn ni ìyàwó tó o fẹ́ fẹ́?"

"Màámi ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Fátímà ni.

Nígbà tí Múfú wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Òṣogbo, ó di ọ̀nà kejì wa. Íńtánẹ́ẹ̀tì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń gun ọ̀kadà lọ sí àwọn ilé ìwé. Àsìkò ìsinmi ni wọ́n sábà máa ń pè wá, nígbà tí yàrá kọ̀ǹpútà bá ṣófo. Ẹ̀yin tó ń gbèrò iṣẹ́ yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: iṣẹ́ tí ò ń ṣe láàárín ọ̀pọ̀ àga ni, kò sì sẹ́ni lórí ìkankan. Bàbá aṣọ́gbà á ṣílẹ̀kùn, á gba oko rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ á sùn sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí òòrùn bá yí, ohùn kan ṣoṣo tí màá gbọ́ ni ti Múfú.

"Ẹ̀ta."

"Ẹ̀ta wà."

"Fátímà."

"Ó wà."

"Òdo. Òdo. Àlejò."

"Ó wà, ó wà, ó wà. Rọra."

Tí a bá parí, a kì í tètè pa fóònù. Á bi mí ohun tí mo jẹ. Màá ní kò sí oúnjẹ níbí. Á ní, "Orí òkè Ìgbájọ lo wà, o ní kò sí iyán? Ojú ń tì ẹ́ láti bèèrè ni." Òótọ́ ni. Ojú a máa tì mí. Àwọn kan ti bi mí bóyá ìfẹ́ ló wà láàárín wa. N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A kò tíì wádìí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Bó ṣe bọ́ nìyí. Ilé ìwé kan wà ní Ire, Ìyáàfin Bọ̀sẹ̀dé ló ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ ètò tí wọ́n máa gbé fún ìdánwò. Ìyáàfin fẹ́ irinṣẹ́ tó ń tọ́jú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ba nǹkan jẹ́ lónìí, á lè padà sí ti àná. Múfú ló gba fáìlì náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Òṣogbo, ó fi fláàṣì rán awakọ̀ sí mi. Ọjọ́ tí mo dé Ire, ojú ọ̀run ṣú. Mo pe Múfú, mo ní kó yá, òjò ń bọ̀, ọ̀kadà sì ni mo máa gùn padà. Ó ní kí n dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pè, ó kà á. Ó bára mu láti orí dé ìdí. Mo tò ó sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, mo sì délé kí òjò tó dé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí fáìlì ọmọ kan tó ṣeé ṣí mọ́. Ohun kan ti fara pamọ́ sínú irinṣẹ́ náà, ó sì ti gbogbo iṣẹ́ wọn pa. Ibi tó ti wọlé, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó lè jẹ́ kó tó débẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé òǹkà yẹ kó ti tú u fó.

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì.

"Múfútàù, òǹkà tí o kà fún Mojí, ọ̀nà wo ló gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Múfú ń wo ilẹ̀. "Íńtánẹ́ẹ̀tì lọ lọ́jọ́ náà, sà. Òjò fẹ́ bá Mojí lọ́nà. Fáìlì yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo bá ní kó ṣírò òǹkà rẹ̀, mo kà á fún un."

"Ọ̀nà kan náà."

"Ọ̀nà kan náà, sà."

Ìyẹn ni pé ẹrù ló jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Èmi wà ní Ire, òun wà ní Òṣogbo, a fi ohùn méjì ka irọ́ kan, ó sì bára mu. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní gbogbo ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un ṣe é. Àánú mi ló ṣe é, kí òjò má bàa pa mí. N kò tíì rí ibi tí mo lè gbé ìyẹn kà.

Ọ̀gá kò pariwo. Ìgbà tí inú bá bí i gan-an, ó máa ń fi Yorùbá ìwé sílẹ̀, á bọ́ sí ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà. Lọ́jọ́ náà kò bọ́ sí i rárá. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí Ire. Àwọn ọmọ wà lórí ìlà níwájú kíláàsì. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ tó lè pè é ní bàbá àgbà.

"Bàbá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa!" Ìyáàfin Bọ̀sẹ̀dé ń sunkún, ó ń fà á lápá. Kò tètè dìde.

Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà tún iṣẹ́ wọn kọ, wọ́n sì bá ìdánwò. Àwọn kan kò bá a. Ilé ìwé ní ká má padà wá mọ́. Múfú kò tún wọ yàrá wa. Mo gbọ́ pé ó lọ sí Èkó, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti kọjá sí òkè òkun. Kò pè mí. Èmi náà kò pè é, nítorí mo rò pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ pè. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọ̀gá kú. Ó ku èmi nìkan.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ti òfin àkọ́kọ́, mo rí ọgbọ́n dá: màá gun òkè lọ síbi tí fóònù mi bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá da òǹkà kọ láti ojú ìwé àwọn tó ṣe é, màá sọ̀ kalẹ̀. Òfin kejì ni kò ní ọgbọ́n. Mò ń kà á sókè, mo sì ń dá ara mi lóhùn. "Ẹ̀rin." "Ẹ̀rin wà." Lọ́jọ́ kan ní Ìgbájọ, bàbá aṣọ́gbà yọjú lójú fèrèsé.

"Àǹtí, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Òǹkà ni mò ń kà, bàbá."

"Ó dáa. Inú mi ti dùn, mo ní ẹ ti rí ẹnì kejì."

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni nípa ejò.

Lẹ́yìn náà ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí àwọn òkè. Ọmọ ilé ìwé á fi fóònù rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì, á kọ àṣẹ kan ṣoṣo, irinṣẹ́ á dé. "Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe wàhálà fún?" Mo lọ wádìí bí ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun náà ń yẹ òǹkà wò kó tó gba ẹrù wọlé, kì í sì í káàánú ẹnikẹ́ni nítorí òjò. N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi bá a jà. Ìpè dín kù, lẹ́yìn náà kò wá mọ́.

Àfi ẹ̀ẹ̀kan. Láti Ire ni. Ìyáàfin Bọ̀sẹ̀dé ti di ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ìdánwò kan tí òfin kò gbà kí a so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, wọ́n sì fẹ́ irinṣẹ́ lórí rẹ̀, irú èyí tí mo tò fún wọn nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyáàfin. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Mojí, ẹni tó kà á fún ẹ nígbà yẹn, ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà, mà."

"Òun ni kó kà á."

"Òkè òkun ló wà, mà. A ò sì... a ò gbúròó ara wa."

"Ṣé fóònù ò dé òkè òkun ni?"

Ọwọ́ màmá Múfú ní Ìresì ni mo ti lọ gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì padà wá pè é lójú Ìyáàfin. Nígbà tó gbé e, mo pe orúkọ rẹ̀. Òun náà pe tèmi. Mo sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un.

"Mojí, n kò ka òǹkà fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyáàfin Bọ̀sẹ̀dé na ọwọ́, wọ́n gba fóònù. "Múfútàù, èmi ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ẹ́. Ẹni tí mo máa rán sí ẹ ni n kò rí. O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Ó yá, lọ ṣí ojú ìwé wọn. Tiwọn gan-an o."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wúwo sí i, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn lẹ́tà kò yí padà. Mò ń dá a lóhùn. A lọ títí, ó ku díẹ̀ kí a dé òpin, ó ní, "Ẹ̀sán."

Mo wò ó. "Ewúrẹ́ ló wà níbí."

Bí fáìlì bá bàjẹ́, gbogbo òǹkà ni ì bá ti dà rú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan tó yàtọ̀ láìsí ti ìyókù, ẹni tó ń kà ló ṣì í. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ọ̀gá á ní ká tún un bẹ̀rẹ̀," ló wí.

"Á ní ká tún un bẹ̀rẹ̀."

A tún un kà láti orí. Ó rọra kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ṣi ẹyọ kan. Mo ti bi ara mi bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rí kò tó. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé inú mi dùn pé a ní láti padà.

Mo tú fáìlì náà, mo fún un láṣẹ, mo gbé e síbi tó yẹ, mo ṣí ojú dúdú tuntun, mo bi í pé ẹ̀yà wo ni.

"Ó dáhùn?" ni Múfú bèèrè.

"Ó dáhùn."

"Ó dáa. Mojí, tí iṣẹ́ mìíràn bá dé, pè mí."

"Màá pè ẹ́."

Iṣẹ́ mìíràn kò dé. Mo dúró ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ìlérí yẹn, lẹ́yìn náà mo dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà fún ìjọ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí, iṣẹ́ náà dára, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà Múfú wà lórí fóònù mi. Mo máa ń ṣí i, màá sì wò ó. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò pè é rí láìsí òǹkà tí a fẹ́ kà, n kò sì mọ ohun tí ènìyàn ń kọ́kọ́ sọ.